Ta Ló Ń Jẹ Ṣáàjì Laptop Tó Wà Ní Pípa?

Ẹ pa laptop yín lálẹ́, ṣáàjì rẹ̀ wà ní 95%. Ẹ tàn án láàárọ̀, ó ti di 70%. Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án, ọmọ kankan kò fi í wo fíìmù. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, yálà ní Ojúẹlẹ́gba, ní Lawanson, lẹ́bàá Yabatech tàbí ní Mushin, ìdáhùn mẹ́ta lẹ ó máa gbọ́. Ọ̀kan á ní bátìrì ti kú, ẹ ra òmíràn. Èkejì á ní tòkunbọ̀ ni, bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn. Ẹ̀kẹta, tó sábà máa ń jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fi iṣẹ́ náà wá owó oúnjẹ, á ní Windows ni. Ó ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni nínú wọn jàre. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé wọn kì í wọn nǹkan kan kí wọ́n tó dáhùn. Oníbàárà á ti sanwó bátìrì tán kí ó tó hàn pé bátìrì kọ́.

Ẹni tí iná kì í lọ lọ́dọ̀ rẹ̀ lè má mọ̀ láéláé pé nǹkan ń jò. Ṣájà rẹ̀ kì í kúrò ní sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ní Mainland Èkó, bátìrì ni ọ́fíìsì. Láti ìgbà tí ibùdó ìmọ̀ ẹ̀rọ CcHUB ti ṣílẹ̀kùn ní òpópónà Herbert Macaulay ní Yaba ní 2011, tí iléeṣẹ́ Andela sì tẹ̀lé e ní 2014, àìmọye ọ̀dọ́ ló ń gbé laptop kọ́ ẹ̀yìn wọ danfo láti Itire, Mushin àti Aguda. Àjọ NERC, tó ń ṣàkóso iná mànàmáná, pín àwa tó ń lo iná sí ìpele márùn-ún: ó kéré tán, wákàtí 20 lójúmọ́ fún ìpele A, 16 fún B, 12 fún C, 8 fún D, 4 fún E. Ẹni tó wà ní D, tí iná tirẹ̀ sì jẹ́ ti ọ̀gànjọ́, ohun tó bá rí fà sínú bátìrì lóru ni yóò fi ṣiṣẹ́ lójú ọ̀sán. Tí 25% bá sọnù nínú bátìrì tó jẹ́ 50 wáàtì-wákàtí, 12.5 wáàtì-wákàtí ló lọ. Ní oṣù kẹrin 2024, iná ìpele A di náírà 225 fún kílówáàtì-wákàtí kan. Ẹ fi ṣírò rẹ̀: ohun tó sọnù yẹn kò tó náírà mẹ́ta. Kì í ṣe owó ló ń dunni nínú rẹ̀. Wákàtí iṣẹ́ kan ó lé ni, kò sì sí ibi tí ẹni tó wà nínú sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ Ojúẹlẹ́gba ti fẹ́ rí i padà.

Ṣé bátìrì kì í wá dín fúnra rẹ̀ ni? Ó ń dín. Irú bátìrì tó wà nínú laptop òde òní ni lithium-ion, tí Sony kọ́kọ́ gbé wọ ọjà ní 1991. Ìmọ̀ tó bí i ló gba ẹ̀bùn Nobel fún John Goodenough, Stanley Whittingham àti Akira Yoshino ní 2019. Pẹ̀lú gbogbo ọgbọ́n wọn, iná inú rẹ̀ ń yọ́ lọ díẹ̀díẹ̀. Battery University, tí iléeṣẹ́ Cadex ní Kánádà dá sílẹ̀, sọ pé nǹkan bí 5% lè lọ ní wákàtí 24 àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí a gba ṣáàjì, lẹ́yìn náà 1 sí 2% lóṣù, kí ohun tó ń dáàbò bo bátìrì nínú ikùn rẹ̀ sì tún jẹ nǹkan bí 3% lóṣù. Nítorí wákàtí 24 àkọ́kọ́ yẹn, kò dára kí á bẹ̀rẹ̀ ìdánwò ohun tó ń jẹ ṣáàjì lóru ní kété tí bátìrì kún dé 100%. Ẹ lò ó wálẹ̀ sí nǹkan bí 80% ná.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò. 5% lóṣù nínú 50 wáàtì-wákàtí jẹ́ 2.5. Oṣù kan ní wákàtí 720. Ẹ pín in: wáàtì 0.0035 ni bátìrì tó yè kooro ń sọnù fúnra rẹ̀. Ẹni tó pa ẹ̀rọ ní aago mẹ́wàá alẹ́, tó tàn án ní aago mẹ́jọ àárọ̀, tó sì bá a pé 20% ti lọ, wáàtì-wákàtí 10 ló lọ láàárín wákàtí 10, ìyẹn wáàtì kan gbáko. Ó fi nǹkan bí ìlọ́po 290 ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kò sí bátìrì tó yè tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀. Yálà nǹkan kan ń mu ún, tàbí bátìrì náà ti bàjẹ́ gan-an, tàbí nọ́ńbà tí ẹ̀ ń wò ń purọ́.

Nǹkan bí ìdajì wáàtì sí wáàtì kan, tàbí díẹ̀ sí i, ni laptop tó ń sùn sábà máa ń lò. Nítorí náà, bí ìṣirò bá fún yín ní wáàtì kan, ẹ kọ́kọ́ fura pé ẹ̀rọ náà ń sùn, kò kú. Bí ó bá jẹ́ 0.1 sí 0.3, ohun kékeré kan ló ń mu ún: ihò USB, káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tàbí bọ́ọ̀dù tó ń jò. Bí ó bá tó wáàtì mẹ́ta sókè, ẹ̀rọ náà jí fún wákàtí púpọ̀ lóru ni. Ìṣirò yìí kò dájọ́ fún ẹnikẹ́ni, ó kàn ń sọ ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀ ni. Nọ́ńbà tí a ó lò kò sì ṣòroó rí. Lórí Windows, ẹ ṣí Command Prompt, ẹ tẹ powercfg /batteryreport, yóò kọ ìwé kan fún yín. Design capacity ni iye tí bátìrì ń gbà nígbà tó jẹ́ tuntun, Full charge capacity ni iye tó ń gbà báyìí. Èyí ìkẹyìn ni kí ẹ fi ṣírò. Bátìrì tó ti bọ́ sí 25 láti 50, 20% rẹ̀ jẹ́ wáàtì-wákàtí márùn-ún péré.

Ó wá ku nọ́ńbà tó ń purọ́, ọ̀pọ̀ onítúnṣe kò sì ka èyí sí. Kò sí ẹ̀rọ tó ń rí iná inú bátìrì lójú. Ohun tó ń ka ìdá ọgọ́rùn-ún yẹn ń fojú díwọ̀n ni: ó ń ka iná tó wọlé àti èyí tó jáde, nígbà tí bátìrì bá sì sinmi fún wákàtí mélòó kan, ó lè tún wo fóòtì rẹ̀ kí ó sì tún ìṣirò ṣe. Nínú bátìrì tó ti gbó, ìṣirò àná àti àtúnṣe òwúrọ̀ lè jìnnà síra. Ẹ pa á ní 80, ẹ tàn án ní 66, iná kankan kò sì lọ síbì kan lóru: 66 ló ti wà láti àná. Báwo la ṣe lè mọ ìyàtọ̀? Ẹ pa á fún òru kan, ẹ kọ iye tó dín sílẹ̀. Nígbà mìíràn, láti iye kan náà, ẹ pa á fún òru méjì pẹ̀lú ọ̀sán àárín wọn. Ohun tó ń jò á dín ju ìlọ́po méjì lọ. Àtúnṣe ìṣirò á fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró síbi tó wà. N kò mọ ìdánwò tó rọrùn tó báyìí tó tún ń sọ òótọ́ tó báyìí, kò sì ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Ẹ tún ṣọ́ra fún ìbátan rẹ̀ kan: ẹ pa á ní 80, ẹ bá a ní 80, ṣùgbọ́n kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé ó já lulẹ̀ sí 35. Kì í ṣe òru ló jẹ ìyẹn. Bátìrì tó ti rẹ̀ ni, ó sì yẹ kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lóòótọ́.

Bí ìdánwò bá fi hàn pé nǹkan ń jò, ìbéèrè tó kàn máa ń múni rẹ́rìn-ín, àmọ́ òun ló ń jàre jù: ṣé ẹ pa á lóòótọ́? Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ní "mo ti pa á", ìdérí ni wọ́n pa dé. Lórí ẹ̀rọ àtijọ́, pípa ìdérí dé a máa jẹ́ kó sùn wọra. Láti Windows 10 ní 2015, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tuntun ló ń lo Modern Standby, oorun ajá: ìdérí wà ní pípadé, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ń jí díẹ̀díẹ̀ láti wo íméèlì tàbí wá àtúnṣe Windows. Ẹ tẹ powercfg /a, yóò sọ irú oorun tí ẹ̀rọ yín ń sùn. Bí ẹ bá rí S0 Low Power Idle níbẹ̀, ẹ má ṣe ti ìdérí pa kí ẹ sì jù ú sínú báàgì lọ sí Yaba mọ́. Àwọn kan ti yọ laptop tó gbóná bí áyọ́ọ̀nù jáde nínú báàgì. Hibernate ni kí ẹ yàn fún ìdérí, tàbí kí ẹ pa á.

Ẹni tó tẹ Shut down ńkọ́? Fast Startup ni wọ́n máa dárúkọ fún yín. Ó wọlé pẹ̀lú Windows 8 ní 2012. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé nígbà tí ẹ bá pa ẹ̀rọ, Windows á ti àwọn ètò yín, ṣùgbọ́n yóò kọ ọkàn ara rẹ̀ sínú fáìlì kan kí ó lè tètè jí. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ̀rí, ẹ ṣí Task Manager, ẹ lọ sí Performance, ẹ wo Up time: ẹ̀rọ tí ẹ ń pa lálaalẹ́ lè sọ pé òun ti wà láyé fún ọ̀sẹ̀ méjì láìkú. Síbẹ̀, mo rò pé wọ́n ti bú Fast Startup ju bó ṣe yẹ lọ. Fáìlì tó wà lórí dísíìkì kì í jẹ iná, bí gbogbo nǹkan bá sì lọ bó ṣe yẹ, ẹ̀rọ tó pa báyìí kò gbọdọ̀ mu ju èyí tó kú pátápátá lọ. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni ara dráífà tí kò mọ bí a ṣe ń pa ẹ̀yà tirẹ̀ dáadáa, tó wá fi nǹkan sílẹ̀ ní títàn. Ẹ di bọ́tìnì Shift mú nígbà tí ẹ bá ń tẹ Shut down, tàbí kí ẹ tẹ shutdown /s /t 0. Ìyẹn á pa á pátápátá fún ẹ̀ẹ̀kan náà. Bí òru yẹn kò bá jẹ ṣáàjì, ẹ ti rí i, ẹ lọ yọ Fast Startup kúrò nínú Power Options. Bí ó bá ṣì ń jẹ ẹ́, ẹ fi Fast Startup sílẹ̀, ó jàre.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá di ti Èkó gan-an ni tòkunbọ̀. Ìwádìí tí Yunifásítì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe pẹ̀lú ibùdó Àdéhùn Basel tó wà ní Ìbàdàn díwọ̀n rẹ̀ pé nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù ẹ̀rọ iná àlòkù ló ń gba èbúté Èkó wọlé lọ́dún ní 2015 àti 2016, Yúróòpù sì ni èyí tó pọ̀ jù ti wá. Ọ̀pọ̀ Latitude, EliteBook àti ThinkPad tó wà ní Computer Village ní Ìkejà àti ní àwọn ṣọ́ọ̀bù Yaba jẹ́ ẹ̀rọ ọ́fíìsì kan rí ní ìlú òyìnbó. Àwọn tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì wọ̀nyẹn lè ti ṣètò BIOS wọn, ètò inú bọ́ọ̀dù tó ń jí kí Windows tó jí, fún iṣẹ́ tiwọn. Ẹni tó fọ Windows kò fọ BIOS. Ẹ tẹ F2 lórí Dell, F1 lórí ThinkPad, F10 lórí HP nígbà tí ẹ̀rọ bá ń jí, kí ẹ wo inú rẹ̀.

Ohun tí ẹ ń wá lórí Dell ni Wake on AC, lórí ThinkPad ó ń jẹ́ Power On with AC Attach. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí iná bá ti wọ ṣájà, kí ẹ̀rọ jí. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ìyẹn kò pa ẹnikẹ́ni lára: ṣájà wọlé lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Ẹ gbé e wá sí Surulere. Ẹ pa ẹ̀rọ lálẹ́, ẹ fi ṣájà sílẹ̀ ní sọ́kẹ́ẹ̀tì kí ó lè gba iná tí wọ́n bá mú un dé. Iná dé ní aago méjì òru, laptop jí, ó dúró síbi tí a ti ń kọ password. Iná lọ ní ìṣẹ́jú ogún lẹ́yìn náà. Ẹ̀rọ náà wà ní jíjí, ó ń mu bátìrì títí yóò fi sùn tàbí tí yóò fi kú. Láàárọ̀, ẹ ó búra pé pípa lẹ pa á, òótọ́ sì ni. Ìwé batteryreport yẹn ni yóò tú àṣírí rẹ̀: lábẹ́ Recent usage, ẹ ó rí aago tó jí, pẹ̀lú bóyá iná tàbí bátìrì ló ń lò. Auto On Time wà níbẹ̀ lórí Dell bákan náà, tó ń jí ẹ̀rọ ní aago kan pàtó, àti Wake on LAN, tó ń jẹ́ kí káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ṣọ́nà fún ẹni tó fẹ́ jí i láti òkèèrè. Ẹ pa gbogbo wọn. Mi ò rí ẹni tó ń lò wọ́n nínú ilé ní Mushin.

Ihò USB kò gba àlàyé púpọ̀. Ọ̀pọ̀ laptop ní ihò kan tó lè fi ṣáàjì fún fóònù bí ẹ̀rọ tilẹ̀ wà ní pípa. Dell ń pè é ní PowerShare, Lenovo ní Always On USB. Bí ẹ bá fi fóònù, modẹ́ẹ̀mù tàbí fáànù kékeré há a mọ́jú, òun ló jẹun. Ẹ yọ gbogbo ohun tó wà lára ẹ̀rọ kí ẹ tó ṣe ìdánwò kankan, títí dé ohun kékeré tí máòsì tí kò ní wáyà ń lò.

Bí gbogbo ìyẹn kò bá tán an, ó di ká ya bátìrì sọ́tọ̀ kúrò lára bọ́ọ̀dù. Lórí ẹ̀rọ tí bátìrì rẹ̀ ṣeé yọ, ọ̀rọ̀ rọrùn: ẹ yọ ọ́ lálẹ́, ẹ gbé e sórí tábìlì, ẹ dá a padà láàárọ̀. Bí ó bá dín nígbà tó dá wà, bátìrì ló jẹ̀bi, ẹ lọ rà á. Bí kò bá dín, bọ́ọ̀dù ni. ThinkPad láti T440 dé T480 ní bátìrì méjì, ọ̀kan nínú, ọ̀kan níta. Ẹni tó yọ ti ìta nìkan kò tíì dán nǹkan kan wò. Fún èyí tó wà nínú, BIOS ThinkPad ní Disable Built-in Battery lábẹ́ Power, tó ń gé bátìrì kúrò títí a ó fi tún ki ṣájà bọ̀ ọ́. Lórí ẹ̀rọ mìíràn, kí onítúnṣe ṣí ìdí rẹ̀, kí ó yọ wáyà bátìrì fún òru kan.

Bọ́ọ̀dù tó ń jò, iṣẹ́ ọlọ́wọ́ ni. Òjò tó wọ báàgì, tíì tó dà sórí kíbọ́ọ̀dù, ọ̀rinrin tó ń bẹ ní Èkó lọ́dún yípo: wọ́n ń jẹ́ kí nǹkan hù sára àwọn ẹ̀yà kéékèèké tó wà lójú ọ̀nà ṣáàjì, kí kapásítọ̀ kan sì máa jò láìtíì ṣọ́ọ̀tì tán. Kókó ibẹ̀ ni pé ẹ̀rọ náà á ṣì máa ṣiṣẹ́ dáadáa ní títàn. Ọ̀gá tó mọṣẹ́ á so bọ́ọ̀dù mọ́ pówà sọ́pláì tó ń fi iye iná hàn níbi tí bátìrì ti ń wọlé, yóò wo ohun tí bọ́ọ̀dù tó wà ní pípa ń mu, yóò sì wá ẹ̀yà tó ń gbóná láìnídìí. Nígbà mìíràn, kí a fi ọtí spirit fọ̀ ọ́ ti tó. Bí ẹni tí ẹ gbé e fún kò bá ní irinṣẹ́ yìí, tó sì ní òun ti mọ̀ pé bọ́ọ̀dù ni, ẹ gbé e lọ síbòmíràn.

Wọ́n tún máa ń ní kí a pààrọ̀ bátìrì CMOS, bátìrì kékeré fóòtì mẹ́ta tó rí bí owó ẹyọ yẹn. Aago inú ẹ̀rọ ló wà fún, ohun tí aago náà ń jẹ kéré débi pé kò lè mú 1% kúrò nínú bátìrì ńlá lóru kan. Bí aago yín bá ń padà sí ọdún àtijọ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Kì í ṣe oògùn ohun tí à ń sọ.

Ẹni tó ń lo MacBook yóò fẹ́ mọ̀ pé láti MacBook Pro 2016, ṣíṣí ìdérí nìkan ti tó láti jí èyí tó wà ní pípa. Lórí Linux, upower -d ni yóò fún yín ní iye tí bátìrì ń gbà. Ìṣirò kan náà ni.

Ká wá gbà pé bátìrì ló jẹ̀bi. Ooru ló sábà máa ń gbó o. Battery University fi hàn pé bátìrì tí a tọ́jú ní kíkún fún ọdún kan níbi tó jẹ́ 25°C kò gbà ju nǹkan bí 80% iye rẹ̀ lọ mọ́, ní 40°C ó di 65%. Èyí tí a tọ́jú ní 40% ṣáàjì ní 25°C ṣì ní 96%. Inú ọkọ̀ tó wà nínú oòrùn Èkó kọjá 40°C láìṣe wàhálà. Bí ẹ bá ra tuntun, ẹ ṣe batteryreport níwájú ẹni tó tà á fún yín, ẹ wo bóyá Full charge capacity bá ohun tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀ mu. Àyédèrú lè purọ́ níbẹ̀ bákan náà, nítorí náà ẹ gba ẹ̀rí pé ẹ ó lè dá a padà, kí ẹ lò ó láti 100 dé 20 nílé kí ẹ ka wákàtí. Bí ti àtijọ́ bá ti wú, tó ń ti kíbọ́ọ̀dù sókè, ẹ má lò ó mọ́, ẹ má gún un, ẹ má sì jù ú sórí ààtàn. Iná ló máa ń dá sílẹ̀.

Lójú tèmi, nínú ohun tí à ń kó wá bí bátìrì tó kú, ètò ẹ̀rọ ló yẹ ká kọ́kọ́ fura sí: ìdérí tí a pè ní pípa, BIOS tòkunbọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ṣí wò, ihò USB tí kò sùn. Ẹ̀yin ọ̀gá onítúnṣe ní Yaba, Surulere àti Mushin, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó ta bátìrì fún oníbàárà, ẹ fi batteryreport hàn án, kí ẹ sì sọ fún un iye wáàtì tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń jẹ ní pípa. Ẹ̀yin oníbàárà, bí wọn kò bá lè sọ ọ́, ẹ má tíì sanwó.